Ọ̀kùn Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Ìyàwó Mi

Ẹsẹ̀ ọ̀kùn ni mo ń kà jẹun. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Mo ti dẹ́kun àlàyé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé ìwádìí wa, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ojú abọ́ lọ. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, awò kan tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti pẹpẹ mọ́kànlá tí ìgò kún orí wọn. Sípíríìtì ló wà nínú ìgò, ọ̀kùn ló wà nínú sípíríìtì, gbogbo ibẹ̀ sì ń rùn bí ilé ìwòsàn. Àwọn ará òkè, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ àti ẹranko ńlá, ń pè mí ní Baba Ọ̀kùn. Wọ́n rò pé wọ́n ń bú mi ni.

Ìyàwó mi jáde láyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n kọ síbí ni pé mo sunkún títí, pé ayé dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Irọ́ ni. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí oníṣègùn eyín máa ń gún sí èèyàn ní erìgì kó tó yọ eyín. Ẹnu á wà níbẹ̀, ahọ́n á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè gé ètè ara rẹ̀ jẹ kó má mọ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti ibi ìsìnkú dé. Mò ń jẹun, mò ń wẹ̀, mò ń sùn. Àwọn èèyàn ní mo gbìyànjú, wọ́n ní ọkùnrin ni mí. Mi ò gbìyànjú kankan o. Ara mi ló kú.

Bàbá tó bí ìyàwó mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá mi ni kó tó di àna mi, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ bà mí lọ́nà ti ọ̀gá kó tó wá bà mí lọ́nà ti àna. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá géérégé, á sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá mi pẹ̀lú báàgì aláwọ rẹ̀, á jókòó sí tábìlì kejì. Ó gbìyànjú láti kọ́ ọmọ rẹ̀ náà níṣẹ́ yìí, ọmọ ò gbà. Aago ọwọ́ ni ìyàwó mi ń tún ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ ibùdó ọkọ̀, ẹ̀mú tín-ín-rín tèmi ló sì máa ń yá láti fi mú ìdè kékeré inú aago. Kì í dá a padà. "Ohun tó ti kú lẹ̀yin méjèèjì ń wò," á wí, "èmi ń jí tèmi dìde."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá tẹ ìwé kan jáde, ojú ewé mẹ́fà. Ó ní òun rí irú ọ̀kùn tuntun nínú ìgò àtijọ́ kan, akọ méjì tí òun fúnra òun kó lórí òkè kan ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí òun ò yẹ̀ wò dáadáa nígbà náà. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú tuntun ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fún un. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í parẹ́. Bí gbogbo wa bá lọ tán, àwọn tí a kò bí á ṣì máa pè é, níwọ̀n ìgbà tí irú náà bá jẹ́ irú lóòótọ́. Bàbá fi ojú ewé àkọ́kọ́ sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò kọ́. Bí àlejò bá wọlé, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú un lọ.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ọ̀kùn pọ̀ láyé ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn tí a ti fún lórúkọ lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, àwọn tí a kò tíì rí sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Lójú lásán, ìkan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: wọ́n dúdú, wọ́n gùn, wọ́n á ká bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Akọ la fi ń dá wọn mọ̀. Bí a bá ka òrùka ara akọ láti orí dé ìkeje, àwọn ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ mọ́, wọ́n ti di irinṣẹ́ tó fi ń gun abo. Irinṣẹ́ náà ò tó orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n irú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ìkan ní ìkọ́, ti ìkan ní eyín, ti ìkan tẹ́ bí ṣíbí. Abo ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ó yẹ kí ẹnì kan gbé wa lọ sí kóòtù lórí èyí.

Irú tuntun tí Bàbá rí, irinṣẹ́ rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ ribiti, kò ní ìkọ́ rárá. Kò sí irú mìíràn lórí òkè náà tó ní irú rẹ̀. Ohun tó fi sọ pé ó jẹ́ tuntun nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, olóòtú ìwé ńlá kan kọ̀wé sí mi. Ìwé náà ni gbogbo àwa tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kùn káàkiri ayé gbára lé. Orúkọ gbogbo ọ̀kùn ló wà níbẹ̀, èyí tó dúró àti èyí tó ti wó. Ó ní kí n bá òun tún ẹ̀ka tèmi yẹ̀ wò, kí n sì fi ránṣẹ́ kí ọdún tó parí. Mo gbà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe nígbà náà ni mò ń gbà, nítorí kíkọ̀ gba agbára. Mo kó gbogbo ìgò tó ti orí òkè náà wá sílẹ̀, mo tò wọ́n sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oṣù-oṣù, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, gẹ́gẹ́ bí ìwé pélébé inú wọn ṣe wí. Bí mo ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Irú àtijọ́ kan wà lórí òkè náà, èyí tí ẹnì kan ti sọ lórúkọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìkọ́ gígùn. Gbogbo akọ irú yìí wà nínú ìgò oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó mi, mo tún rí márùn-ún sí i láàrin àwọn tí a kò tíì yà sọ́tọ̀, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo wọn pátá. Nígbà òjò, kò sí ẹyọ kan. Òkè kan náà, abẹ́ ewé kan náà, ṣùgbọ́n bí èyí bá ti dé, ìyẹn kì í sí nílé.

Àwọn ọ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé bí ìgbà gígun bá ti kọjá, akọ wọn á bọ́ awọ, á sì padà sẹ́yìn. Irinṣẹ́ rẹ̀ á súnkì, á kúrú, á dà bí ti ọ̀dọ́ tí kò tíì bàlágà. Bí ó bá tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìkọ́ á tún yọ. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n lára àwọn ìdílé ọ̀kùn mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i rí nínú tiwa. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé méjèèjì kì í ṣe méjì. Ọ̀kùn kan náà ni, tó wọ aṣọ òjò, tó wọ aṣọ ọ̀gbẹlẹ̀. Òfin wa ò sì ní àwíjàre: bí ohun kan bá ní orúkọ méjì, èyí tó pẹ́ jù ló dúró. Orúkọ ìyàwó mi á wó.

Mo jókòó sílẹ̀ láàrin àwọn ìgò náà. Mo ń retí kí nǹkan ṣe mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ebi ló ń pa mí, mo dìde, mo lọ jẹun.

Ìgbà tí mo padà dé, mo bá obìnrin tó ń bá wa tọ́jú ìgò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Onígò ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń bu sípíríìtì kún èyí tó bá fà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

"Ta ló tú ìgò mi sílẹ̀ báyìí?" ó bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta ló tún ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé níbí?"

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó tẹ́tí gbọ́, ó ń fi àkísà nu ìgò kan tí kò dọ̀tí.

"Bàbá ńkọ́?" ó wí.

"Wọn ò tíì mọ̀."

"Ìgbà wo lo máa sọ fún wọn?"

"Tó bá dá mi lójú. Òkú ò lè sọ ọ́. Àfi kí n rí ààyè, kó bọ́ awọ níṣojú mi."

"Tó bá wá dá ẹ lójú ńkọ́?"

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, ó ní kí n kó ìyókù padà sí ibi tí mo ti kó wọn, kí òun má baà fẹsẹ̀ kọ wọ́n.

Ní oṣù kẹsàn-án, ní ọ̀sẹ̀ tí ikú ìyàwó mi pé ọdún kan, mo gun òkè náà. Òjò ń lọ sópin. Mo tú abẹ́ ewé jíjẹrà títí mo fi rí akọ mẹ́fà. Mo kó wọn wálé, mo wo irinṣẹ́ wọn lábẹ́ awò láìpa wọ́n, gbogbo wọn ní ìkọ́, mo sì ya àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ àti ewé sínú ike mẹ́fà tí wọ́n fi ta áísìkiriìmù, mo fi ọ̀kùn kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àmì tí èèyàn bá kùn sí i lẹ́yìn á bá awọ lọ. Mo tò wọ́n sẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé mo lọ síbi ibojì lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n kí mi, mo dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá dé.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

"Àwọn ọmọ iléèwé kan ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ààyè."

"Ìyẹn dáa." Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ike àkọ́kọ́. "Ẹ ǹlẹ́ o, ará ilé," ó kí ọ̀kùn. Ó wo iyẹ̀pẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Ó gbẹ jù. Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ike ló ń kọ́kọ́ lọ bá. Á bu omi díẹ̀díẹ̀ sórí ewé, á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bomi rin ẹlẹ́rìí. Mò ń wò ó láti orí àga mi, mo mọ̀ pé ohun burúkú ni mò ń wò, kò sì ta mí lára.

Mẹ́ta kú ní oṣù kẹwàá. Àwọn mẹ́ta tó kù wọlẹ̀ lọ. Bí ọ̀kùn bá fẹ́ bọ́ awọ, á gbẹ́ yàrá kékeré sínú iyẹ̀pẹ̀, á ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀, á sì pẹ́ kó tó jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, mo ṣí ike kẹrin, mo bá a lókè. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ò tíì le. Ó ti jẹ awọ tó bọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo fi ewé rírọ̀ gbé e, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ awò, mo ka òrùka ara rẹ̀ dé ìkeje.

Ó kúrú. Orí rẹ̀ ribiti. Ìkọ́ ò sí.

Mo gbé akọ tí Bàbá fi ṣàpèjúwe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wò wọ́n pọ̀ fún bíi wákàtí kan. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti yàtọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wó, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n láyé. Mo gbójú sókè, mo ń wo aago bóyá àkókò oúnjẹ ti tó. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo bi ara mi pé irú èèyàn wo ni mo ti dà. Ẹ̀rù náà ò pẹ́, òun náà lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láti parí iṣẹ́ olóòtú. Mi ò lè sọ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe, ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan tó jọ ìfẹ́ lára mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ògiri pálọ̀ Bàbá, tí férémù ti kúrò lára rẹ̀, tó ku ìṣó. Mo tẹ orúkọ ìyàwó mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan sí iwájú rẹ̀: *ó dúró*. Mo fi ránṣẹ́.

"O ti fi ránṣẹ́?" Ìyá Onígò bi mí lẹ́yìn mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti wọlé.

"Mo ti fi ránṣẹ́."

"Èwo lo kọ?"

Mo pa kọ̀ǹpútà. Ó wo ike kẹrin, ó wò mí, ó dé ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pa bí ẹni tó fẹ́ já ìdérí, ó sì jáde. Ó yẹ kí n kó ọ̀kùn náà dànù lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe é. Mo bu ewé tuntun fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀fìnkìn ò jẹ́ kí Bàbá wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pè wá sí ìpàdé lókè lórí òrùlé tó ń jò, aago mọ́kànlá sì ti kọjá kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo bá Bàbá ní tábìlì mi, kì í ṣe tirẹ̀. Ìdérí ike kẹrin wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lórí awò.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó fi ìka yí awò náà díẹ̀, ó tún yí i padà. "Ìgbà wo lo mú un?"

"Oṣù kẹsàn-án, sà."

"Ó ní ìkọ́ nígbà náà?"

"Ó ní ìkọ́."

"O yà á?"

Mo fa àwòrán náà yọ nínú dúrọ́ọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó mú un súnmọ́ ojú, ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

"Iṣẹ́ olóòtú yẹn ńkọ́?"

"Mo ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, sà."

"Kí lo kọ sí ti ọmọ mi?"

"Mo ní ó dúró."

Ìgbà náà ló tó gbójú sókè. Mo ti rí ìbínú rẹ̀ rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ariwo ni ìyẹn máa ń jẹ́. Èyí ò láriwo. "Irọ́ lo gbé sábẹ́ orúkọ ọmọ mi," ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, sà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sọ irú rẹ̀ sí i rí. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dúró. "Ẹ ò bi mí. Èmi ni ọkọ rẹ̀, ẹ ò bi mí. Oṣù mẹ́ta péré, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, ẹ ti gbé e kọ́ sí ògiri. Èmi ò rí nǹkan kan. Mo dé ilé, mo jókòó, mi ò rí nǹkan kan."

Ìyá Onígò tó ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì sípíríìtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra padà sẹ́yìn.

Bàbá ò bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mú áńkáṣíìfù kan tí wọ́n ká jáde. Ìgò kékeré kan wà nínú rẹ̀, kò ju ìka lọ. "Wò ó," ó wí.

Mo gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ awò. Akọ kan ni, ó kú níbi tó ti ń bọ́ awọ. Orí àti ọrùn rẹ̀ ti jáde, ìyókù ara rẹ̀ ṣì wà nínú awọ àtijọ́. Ní òrùka keje, ìkọ́ gígùn wà lára awọ náà, ó ṣófo, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, èèyàn sì lè rí inú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ ribiti.

"Inú ìgò kan náà ni mo ti bá a, pẹ̀lú àwọn méjì yẹn," Bàbá wí. "Ọjọ́ kan náà. Mo mọ ohun tí mò ń wò, èmi kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo kọ ìwé mi bí ẹni tí kò rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi lọ bá mi bọ̀ nínú báàgì yìí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá síbí, orí tábìlì yẹn ló máa ń wà."

"Kí ló dé, sà?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan máa pè é." Ó ń ká áńkáṣíìfù náà. "Ẹnì kan tí kò mọ̀ mí, níbi tó jìnnà, kó ṣí ìwé, kó ka orúkọ ẹ̀ sókè. Àwọn àlejò máa ń wò ó lára ògiri, wọ́n á ní, ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ kú oríire! Mo sì máa ń ní, ẹ ṣé."

A jókòó síbẹ̀. Lókè, ẹnì kan ń wọ́ àga nílẹ̀. Mo ronú pé bí ìyàwó mi bá rí wa, ọkùnrin àgbà méjì tó fi ọ̀kùn pamọ́ fún ara wọn nítorí tirẹ̀, á ní kí a dìde kí a lọ jẹun.

"Mú bébà wá," Bàbá wí níkẹyìn. "Kọ ọ́ lọ́wọ́ ná, lẹ́yìn náà kí o tẹ̀ ẹ́. Tí a bá ṣe àṣìṣe, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́."

Ó ń pè é, mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ pé ohun tí a fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe òótọ́. Ó ní kí n kọ bí a ṣe rí i: ike kẹrin, oṣù kẹsàn-án, oṣù kọkànlá. Ó ní kí n kọ nípa ìgò kékeré náà, àti pé òun ló fi í pamọ́. Mo ní a lè fo ìyẹn. Ó ní kí n kọ ọ́. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í pa orúkọ tó wó rẹ́. A máa ń kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó dúró, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣì í, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún ìṣìnà kan náà rìn. Ó ní kí n kọ orúkọ àtijọ́ náà ná. Mo kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n kọ ti ọmọ òun.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ orúkọ yìí láìṣẹ́jú. Nísinsìnyí, mo gbé bírò lé bébà, ọwọ́ mi ò lọ.

"Kọ ọ́," Bàbá wí.

"Ọwọ́ mi ò lọ, sà."

"Ọmọ mi ti kú," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ déédéé, bí ìgbà tó bá ń ka ẹsẹ̀ ọ̀kùn sókè kí n bá a kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìyàwó rẹ ti kú. Kò sí ohun tí a lè sọ lórúkọ tó máa yí i padà. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dùn mí. Ó dùn mí nínú àyà, ó dùn mí léjìká àti lórúnkún, gbogbo ibi tó ti kú lára mi ló ń dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbọ́ ariwo kan tí mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde. Omi ojú já bọ́ sórí bébà. Bàbá fa bébà náà kúrò níwájú mi kíá, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ kí yíǹkì má baà tàn. Ojú tirẹ̀ náà ti tutù, kò nù ún. Ó wo ohun tí mo kọ, ó rí i pé ó ṣeé kà, ó sì tì í padà síwájú mi.

"Ó ku ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ibi tí wọ́n ti mú un," ó wí.

Mo kọ wọ́n.